Òṣùwọ̀n Tí Ó Wà Lára Ògiri Mọ́sálásí Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kò dùn mọ́ èmi pàápàá lẹ́nu, nítorí ó kàn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, ta ni n ó tún dúró lórí mìńbárì bá wí?

Ọmọ àbúrò mi kan wà tí ó kéú lọ́dọ̀ mi títí ó fi ṣe wòlímọ̀, kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ pólítẹ́níìkì láti kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé ìwé gíga mọ ètò tí wọ́n ń pè ní SIWES, tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973. Ọmọ yunifásítì ń fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ níta, ti pólítẹ́níìkì ń fi oṣù mẹ́rin. Iṣẹ́ ni a ní kí wọ́n lọ kọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọn yóò ti kọ́ ọ ni ìyọnu. A kọ lẹ́tà títí ó fi sú wa. Nígbẹ̀yìn, ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbàdàn níhìn-ín, tí ó ń rí sí ọ̀ràn iná, gbà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi fọwọ́ kan wáyà. Àmàlà ni ó ń bá àwọn ọ̀gá rà, fáìlì ni ó ń gbé sókè gbé sódò. Wọ́n sì ní ìwé kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, tí ọ̀gá yóò fọwọ́ sí i. Òṣìṣẹ́ kan sọ fún un pé kí ó sáà kọ ọ́ pé àwọn tún tiransífọ́mà ṣe, òun yóò fọwọ́ sí i. Ọmọ náà gbé ìwé náà wá bá mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.

Ó ní, “Bàbá, bí ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí i, ṣé ó ṣì jẹ́ irọ́?”

Mo ní irọ́ ni. Mo ní kí ó fi ojú ìwé náà sílẹ̀ lófìfo, kí Ọlọ́hun rí i pé òfìfo ni. Inú mi dùn sí èsì tí mo fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò mọ̀ pé yóò padà wá bá mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni Ọlọ́hun rán obìnrin ẹnjiníà kan sí i. Obìnrin yìí ń mú un káàkiri ilé ìwòsàn àti ilé ìwé ìjọba láti ka ohun gbogbo tí ó ń jẹ iná níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí owó ń gbà ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ bí ọmọ náà ti ṣe é fún mi, nítorí yóò wúlò fún yín nínú ìsọ̀ yín. Ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ iye wáàtì rẹ̀ sí. Ẹ fi iye wákàtí tí ó fi ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Ohun tí ẹ rí ni yúníìtì. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 a jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 100 a fi wákàtí 10 jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ti ìgbàlódé tí kò ju wáàtì 10 lọ, 100 wákàtí ni yóò fi jẹ yúníìtì kan náà. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́ o.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ọmọ náà jókòó sí ìdí òpó mọ́sálásí wa, ó ń fi bírò kọ nǹkan. Fáànù méjìlá, oníwáàtì 75, wákàtí márùn-ún lóòjọ́: yúníìtì mẹ́rin àbọ̀. Ẹ̀rọ tí ń fa omi àlùwàlá, wáàtì 750, wákàtí méjì: ọ̀kan àbọ̀. Ogún gílóòbù: ọ̀kan. Méje lóòjọ́ nìyẹn, 210 lóṣù. Ó lọ bá akápò wa, ó gba rìsíìtì iná tí a rà ní oṣù náà wò. 34 ni.

“Bàbá, ó ku 176.”

Mo mọ ibi tí ó kù sí. Wáyà dúdú kan wà tí ó ti orí òpó wọ ẹ̀yìn mọ́sálásí láì gba inú mítà kọjá. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń rí i. N kò béèrè. Bí ẹni kan bá bi mí, n ó ní iṣẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ ni.

A pe ìpàdé. Akápò wa kì í ṣe olè. Ọlọ́hun jẹ́rìí mi, owó àpò rẹ̀ ni ó fi ra òrùlé tí ó wà lórí wa. Ó dìde, ó ní, “Lèmọ́mù, kí wọ́n tó fún wa ní mítà, ọdún mélòó ni wọ́n fi ń gbé bíìlì àfojúbù wá? A sanwó iná tí a kò rí. Tiwa ni a ń gbà padà.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò lè sọ pé irọ́ ni ó pa. Ìgbà NẸ́PÀ ti lọ, a ta ilé iṣẹ́ tí ń pín iná fún àwọn aládàáni ní 2013, síbẹ̀ ẹkún àwọn tí kò ní mítà kò tíì dá. Owó náà sì ń ga: ní April 2024, 225 naira ni wọ́n sọ yúníìtì kan dà fún àwọn tí ó ń rí iná fún 20 wákàtí lóòjọ́.

Ṣùgbọ́n mo bi akápò, tí ó ń ta ìrẹsì, pé bí oníbàárà tí ó jẹ gbèsè fún un bá wá sí ìsọ̀ rẹ̀ lóru wá bu kóńgò mẹ́ta láì sọ fún un, orúkọ wo ni yóò pè é? Súrà odidi kan, ìkẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì, orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù ni ó ń jẹ́. Mítà kì í ṣe nǹkan mìíràn, òṣùwọ̀n ni.

Ẹnì kan béèrè nípa àlùwàlá tí a ti fi omi ẹ̀rọ náà ṣe. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí omi àjágbà tipẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ará ọ̀nà Imam Malik tí àwa ń tẹ̀ lé sì wà níbẹ̀, ní àlùwàlá náà mọ́ ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tí ó mọ̀. Àwọn ti Imam Ahmad bn Hanbal ní kò tilẹ̀ mọ́. Èmi ni mo mọ̀, ọrùn mi ni ó wà.

A lọ fẹjọ́ ara wa sùn. Wọ́n gé wáyà náà ní ìjọ́ kẹta, wọ́n sì bù wá ní owó ìtanràn tí a ń san díẹ̀díẹ̀ títí di ìsisìnyí. Àwọn kan ti fi wá sílẹ̀ lọ sí mọ́sálásí òdìkejì títì nítorí ooru, wọ́n ń pe ọmọ náà ní amí ìjọba. Akápò kò lọ, ṣùgbọ́n kò tíì máa bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà ti padà sí ilé ìwé. Kí ó tó lọ, ó fi ìwé iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ funfun báláú, kò sí ohun kan níbẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ti bi í léèrè, ó ní òun kò ṣe iṣẹ́ kankan ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni. N kò tíì mọ iye máàkì tí wọn yóò fún un.

Fáànù mẹ́rin péré ni a ń tàn báyìí, àfi ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Lẹ́yìn Ìṣáì àná, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú mítà náà. Yúníìtì mọ́kàndínlógún ni ó kù.