Ta Ló Rí Inú Páìpù? Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Yẹ Férémù Bọ́gì Wò

Ẹni tó ń yẹ bọ́gì, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sáré lórí yanrìn, wò kì í kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń lọ. Á dùbúlẹ̀ sórí yanrìn, á tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́, á mú òòlù kékeré kan, á sì máa fi kan irin díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Níbi tí irin bá ti pé, á dún goro bí agogo. Níbi tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ láti inú, ohùn á kú, bí ìgbà téèyàn ń gbá igbá tó ti là. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí á fi sọ bóyá ọkọ̀ náà á wọ aṣálẹ̀ tàbí á padà sílé.

Ìjàpá tí gbogbo àdúgbò mọ̀ nígbà kan, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ nílùú Èkó lọ́dún 1975, ni ìyá púpọ̀ nínú àwọn bọ́gì wọ̀nyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó gùn ún kò kíyè sí ni bí abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Egungun irin tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ náà kọjá máa ń pín sí méjì bó bá dé ẹ̀yìn, bí igi rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Àárín ẹ̀ka méjèèjì ni gíábọ́ọ̀sì jókòó sí, ara gíábọ́ọ̀sì ni ẹ́ńjìnnì sì so kọ́ sí. Kò sí ohun mìíràn tó gbé e dúró. Ẹ́ńjìnnì tó lé ní 100 kílò ló ń rọ̀ dirodiro níbẹ̀. Bí bọ́gì bá fò lórí òkìtì tó sì balẹ̀ gbì, ẹ̀ka méjì yẹn ló ń jẹ gbogbo ìyà náà.

Páànù méjì tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì jó ẹnu wọn pọ̀, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ṣófo. Ẹrẹ̀ àti omi ń ráyè wọlé, wọn kì í tètè ráyè jáde. Fún ọkọ̀ tó ń sáré létí òkun, iyọ̀ á tún dá sí i. Ní Yúróòpù, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn wẹ́dà ilẹ̀ wa tó ń tún tòkúnbọ̀ ṣe mọ irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí kì í ti ojú òde wá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀dà á ṣì máa dán nígbà tí irin abẹ́ rẹ̀ ti di ẹ̀ẹ́rún.

Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀ kò gùn. Lọ́dún 1964, Bruce Meyers, tó mọ iṣẹ́ fáíbà lára ọkọ̀ ojú omi, ṣe ọkọ̀ kékeré kan fún eré orí yanrìn ní Newport Beach ní California. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gé ilẹ̀ Ìjàpá kúrú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 36 kí ara fáíbà náà lè bá a mu. Lọ́dún 1967, irú ọkọ̀ rẹ̀ ló gba ipò kìíní nínú ìdíje àkọ́kọ́ láti Tijuana dé La Paz, ní wákàtí 27 àti ìṣẹ́jú 38. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń gé, tí wọ́n ń jó, tí aṣàyẹ̀wò sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná ni ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ti jẹrà. Apá kan gbà pé abulẹ̀ ló yẹ: kí wọ́n gé ojú ibi tó jẹ, kí wọ́n fi páànù tuntun dí i, kí wọ́n jó o yíká. Apá kejì ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ dànù títí dé ibi tí irin ti mọ́, kí wọ́n sì fi páìpù kọ́ ẹ̀yìn náà padà. Àwọn tó ń sáré nínú aṣálẹ̀ ti fara mọ́ páìpù tipẹ́. Kódà lára ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì pé, wọ́n máa ń fi páìpù so ẹnu ẹ̀ka méjèèjì mọ́ ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì ti dè mọ́ ọkọ̀, ní onígun mẹ́ta, kí ẹ́ńjìnnì má bàa máa jù sókè jù sílẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó bẹ́ẹ̀, páìpù kan á máa ti èkejì lẹ́yìn, ẹ̀ka kankan kò sì ní dá ẹrù gbé mọ́.

Ṣùgbọ́n páìpù gbọ́dọ̀ parí síbì kan.

Ibi tó parí sí yẹn ló yẹ kí aṣàyẹ̀wò ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀. Páìpù tó nípọn kì í tẹ̀. Páànù àtijọ́ tí wọ́n jó o mọ́ ń tẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, ẹ̀bá ojú ìjó ni páànù yóò ti kọ́kọ́ ya, bí ìgbà tí wọ́n bá rán aṣọ tuntun mọ́ àkísà, tí ojú abẹ́rẹ́ wá di ibi tí yíya ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wẹ́dà tó mọṣẹ́ kì í fi ẹnu páìpù lásán kan páànù. Á kọ́kọ́ jó irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ síbẹ̀ kí ẹrù lè tàn kálẹ̀, tàbí kó ti páìpù tó kéré bọ inú èyí tó tóbi kí ó tó jó wọn pọ̀. Kó tó gé ohunkóhun rárá, á ti de ìyókù ọkọ̀ náà mọ́ férémù irin tí kò lè mì, nítorí iná tí wọ́n fi ń jó irin máa ń fa irin wọ́. Bí ibi tí gíábọ́ọ̀sì jókòó sí bá yẹ̀ ní mílímítà díẹ̀, táyà ẹ̀yìn méjèèjì lè má kọjú síbì kan náà mọ́. Aṣàyẹ̀wò tó mọ èyí máa ń na téèpù láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, lápá òsì, kó tó fi ọwọ́ kan òòlù.

Gbogbo èyí ni ojú ń rí. Èyí tí ojú kò rí ló ń dá wàhálà sílẹ̀, níbẹ̀ sì ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn èèyàn ní nínú sítíkà tí aṣàyẹ̀wò ń lẹ̀ mọ́ férémù tó bá yege ti pọ̀ ju ohun tí sítíkà náà lè gbé lọ. Ojú ìjó lè tẹ́ rẹrẹ lókè kí ó má wọlé dé ìdí irin. Páìpù méjì tó jọra bí ìbejì lójú òde lè yàtọ̀ síra pátápátá nínú: ọ̀kan nípọn, èkejì fẹ́lẹ́. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kò lè fi ojú lásán mọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ìdíje kan ti gbà pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí, wọ́n sì fi òfin tì í. Nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ SCCA ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ́ àgò páìpù ààbò sínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lu ihò bíi mílímítà 5 sí ibi tí kò léwu lára rẹ̀, kí aṣàyẹ̀wò lè fi irinṣẹ́ wọn bí ògiri páìpù náà ṣe nípọn tó. Ẹgbẹ́ NHRA, tó ń bójú tó eré àsápajúdé ojú ọ̀nà tààrà, kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ lọ ojú ìjó. Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà lè rò pé ojú ìjó tó dán ló dára jù. Òdìkejì ni. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ dán, àpá tí ì bá sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ ti parẹ́, irin tó yẹ kó di ojú náà mú sì ti dín kù. Ẹgbẹ́ kan náà ní kí wọ́n má fi ohun mìíràn jó irin 4130, irin líle tí àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ fúyẹ́ fẹ́ràn, àyàfi ọ̀nà ìjórin TIG nìkan.

Èyí tó tẹ́ni lọ́rùn jù lọ wà nínú ìdíje Baja SAE, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń kọ́ bọ́gì fúnra wọn láti 1976. Ìwọ̀n páìpù tí òfin wọn fi ṣe òṣùwọ̀n fún egungun tó ń dáàbò bo awakọ̀ ni mílímítà 25 ní fífẹ̀, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó mílímítà 3. Ẹni tó bá fẹ́ lo irú mìíràn gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò láti fi hàn pé agbára rẹ̀ kò kéré sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí ẹni tó jó férémù jó àpẹẹrẹ páìpù lọ́tọ̀. Wọ́n á fa ọ̀kan títí tí yóò fi já, wọ́n á fi ayùn la òmíràn kí gbogbo èèyàn lè wo bí ìjó náà ṣe wọlé tó. Ọwọ́ ẹni tó jó o ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ìwọ̀nba ibi ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ fún bọ́gì àtijọ́ tí wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ló nílò rẹ̀ jù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ojú mìíràn wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ojú títì ni bọ́gì ti ń rìn níbẹ̀. Àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1960, fún aṣàyẹ̀wò láṣẹ láti tẹ irin tàbí láti fi irinṣẹ́ kékeré kàn án. Kò gbọ́dọ̀ tú nǹkan palẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti sọ irin di aláìlágbára láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí bíréèkì, sípíríìnì tàbí bẹ́líìtì ìjókòó ti dè mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ náà ti já. Bí wọ́n bá fi abulẹ̀ dí i, ojú ìjó gbọ́dọ̀ yí abulẹ̀ náà ká láìjá. Wọn kò gba pọ́tì.

Títí dé ibẹ̀, ó dára. Ìṣòro wà níbi tí òfin ti béèrè bóyá ọkọ̀ náà ṣì ni ọkọ̀ àtijọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ MOT, bí wọn kò bá ti yí i padà gidigidi láàárín 30 ọdún tó kọjá. Ṣáásí tí kò bá ti àtijọ́ mu wà lára ohun tí wọ́n kà sí ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí èyí gbé ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó gé ìpẹtà dànù, tó fi páìpù tó lágbára kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ló máa lọ fojú kan aṣàyẹ̀wò lọ́dọọdún. Ẹni tó fi abulẹ̀ lé abulẹ̀ lórí ẹ̀ka àtijọ́ lè máa lọ lójú títì láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó gbè sẹ́yìn òfin náà ní ọkọ̀ àtijọ́ kì í rìn jìnnà, àwọn tó ni ín sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Wọ́n tún rán wa létí pé òfin ṣì fi dandan lé e pé kí olúkúlùkù rí i pé ọkọ̀ òun yẹ lójú títì. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ìfẹ́ tí ẹnì kan ní sí ọkọ̀ rẹ̀ kò fún un ní ojú tí yóò fi rí inú ẹ̀ka irin.

Ní etíkun ìlú Natal ní Brazil, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó ni ọkọ̀. Bọ́gì ni wọ́n fi ń gbé àlejò gun òkìtì yanrìn Genipabu, awakọ̀ á sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ ìrìn tó ń mú ọkàn fò ni àbí èyí tó pẹ̀lẹ́. Àwọn àlejò sábà máa ń jókòó sókè lẹ́yìn, lórí irin tí atẹ́gùn oníyọ̀ ń fẹ́ sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwé àṣẹ ìjọba wà lọ́wọ́ awakọ̀, àlejò lè béèrè rẹ̀ kó tó gùn. Irin abẹ́ ìdí rẹ̀ ni kò lè béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣì wà tí àwọn aṣàyẹ̀wò kò tíì fẹnu kò lé lórí: ṣé kí páìpù tuntun ní ihò lábẹ́ ni, àbí kí wọ́n dí i pa? Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n dí i ní atẹ́gùn tí kò lè wọlé kò lè mú ìpẹtà wá. Àwọn tó fẹ́ ihò ní bí ojú ìjó kan bá la bí irun orí lásán, omi á wọlé, á sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé lákòókò ìjórin gan-an, atẹ́gùn gbígbóná inú páìpù gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fọ́n irin yíyọ́ dànù níbi tí ojú ìjó ti fẹ́ pàdé. Àwọn wẹ́dà kan ti wá ọ̀nà àárín: wọ́n á fi ihò náà sílẹ̀ títí irin á fi tutù, wọ́n á da òróró sínú páìpù, wọ́n á yí férémù sọ́tùn-ún sósì kó lè kan gbogbo inú rẹ̀, wọ́n á wá dà á kúrò. Nígbà tí aṣàyẹ̀wò bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, á ti ìka bọ ẹnu ihò náà, á sì gbé ìka náà sí ojú tọ́ọ̀ṣì: bóyá òróró ló bá jáde, àbí ẹ̀tù pupa.