Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Àròjinlẹ̀ lórí Ìdájọ́ Ikú

Àwọn àgbà a máa wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àtúnṣe kékeré ba ohun ńlá jẹ́ ni a sábà ń pa òwe náà fún. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé orí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, a óò rí i pé ìtumọ̀ rẹ̀ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìlú mú ènìyàn tí ó ti wà nínú ìdè, tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́, kí ó sì pa á?

Òfin ilẹ̀ wa dáhùn pé ó tọ́. Abala 33 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ṣùgbọ́n ó yọ ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dájọ́ ikú fún sílẹ̀. Apànìyàn àti adigunjalè wà lára àwọn tí ìdájọ́ náà lè bá. Èmi kò ní gbèjà apànìyàn, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní bẹ̀bẹ̀ fún adigunjalè. Ohun tí mo dì mú ni pé ìdájọ́ tí a kò lè dá padà kò yẹ ọwọ́ ẹni tí ó lè ṣìṣe, kò sì sí adájọ́ kan láyé tí kò lè ṣìṣe. Kí ọ̀rọ̀ náà má baà dà bí ohun tí a kó ti ìlú òkèèrè bọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ẹ̀rí rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ẹni tí ó bá ti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ sí ìhà kejì, yóò dé Ọjà'bà, ọjà tí ó gba orúkọ lára Ìbà Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn. Ní ọjà Baṣọ̀run yìí, ní ọdún 1874, ni a ti pa ẹrú méjì ní gbangba. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n pa ẹni tí ó ni wọ́n, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ Ẹfúnṣetán láti inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1970. Nínú eré náà, májèlé ni Ìyálóde fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ yàtọ̀ sí èyí. Olùkọ́ ni Johnson ní Ìbàdàn ní àkókò náà. Ó ní Ààrẹ Látòósà yọ Ẹfúnṣetán kúrò lórí oyè ní oṣù Karùn-ún ọdún 1874. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó kà sí i lọ́rùn: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò wá pàdé òun ní odi ìlú nígbà tí òun ń bọ̀. Ìyálóde san owó ìtanràn, ṣùgbọ́n kò bọ́. Wọ́n fi owó tan Kúmúyìlọ, ọmọ tí ó fi ṣe ọmọ, òun ni ó sì rán àwọn ẹrú sí i lóru tí ó sùn.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá bèèrè ẹ̀jẹ̀ Ẹfúnṣetán, nítorí ọmọ Ẹ̀gbá ni, àwọn ìjòyè jókòó láti wádìí ikú tí kì í ṣe àdììtú sí wọn. Àbájáde rẹ̀ ni pé Kúmúyìlọ pàdánù ipò, àwọn ẹrú sì pàdánù ẹ̀mí. Ẹni tí ó ṣe ètò ikú náà kò fara kan idà rárá.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fiyè sí nínú ìtàn yìí. Èkínní, a ròyìn pé ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí kú nígbà ìrọbí ní 1860, àti pé láti ìgbà náà ni ó ti di òǹrorò, tí ó ń pa àwọn ẹrú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹyọ kan nínú ẹ̀sùn mẹ́ta tí Látòósà kà tí ó mẹ́nu ba ẹ̀mí ẹrú. Bí ìlú bá gba ara rẹ̀ láyè láti pa ènìyàn, àwọn alágbára ni yóò máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tó ikú àti èyí tí kò tó o. Èkejì, nígbà tí a bá ń wá ẹni tí yóò fi orí san gbèsè, ẹni tí kò ní alágbàwí ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Apani kì í jẹ́ kí a mú idà kọjá nípàkọ́ òun. Àwọn ìjòyè mọ òwe yìí dáadáa, wọ́n sì darí idà náà sí ipàkọ́ ẹrú.

Ẹnìkan lè wí pé ìgbà ogun ni ìgbà náà, kò sí agbẹjọ́rò, kò sí ilé ẹjọ́ bí a ti ní in lónìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti mú òfin ìyẹgi wá, ní agbẹjọ́rò, ó sì ní ilé ẹjọ́. Ní London, ní 1950, wọ́n yẹgi fún Timothy Evans lórí ẹ̀sùn pé ó pa ọmọ rẹ̀ obìnrin. John Christie, tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, wà lára àwọn tí ó jẹ́rìí takò ó. Ní 1953 ni a rí òkú àwọn obìnrin nínú ibùgbé Christie, tí a sì mọ irú ẹni tí ẹlẹ́rìí náà jẹ́. Ìjọba forí ji Evans ní 1966, ọdún 16 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èwo ni ìdáríjì fún òkú? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbọ́n: ní 1965, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn dáwọ́ ìyẹgi dúró fún ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn. Àwa tí a yá òfin náà lọ́wọ́ wọn ṣì dì í mú.

Ìbàdàn náà ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà ni ó mọ ẹjọ́ Bello àti Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìbàdàn dájọ́ ikú fún ọkùnrin kan lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí òfin ti fún un láyè. Ẹjọ́ náà wà nílẹ̀, a kò tí ì gbọ́ ọ, nígbà tí ìjọba pa á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní 1986, àwọn adájọ́ níbẹ̀ sọ pé pípa tí a pa á lòdì sí òfin, wọ́n sì ní kí a san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí ó fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa. Bóyá Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ì bá dá a láre, bóyá ì bá dá a lẹ́bi. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ni ó wà, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣeé ṣí. Bí ó bá jẹ́ pé owó ìtanràn ni ó san, owó ṣeé dá padà. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, pẹ̀lú gbogbo ọlá tí ó ní, kò rí ohun mìíràn fún àwọn ọmọ òkú ju owó lọ.

Ó ku àtakò méjì tí a kò gbọ́dọ̀ fojú di. Ti àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí a pa ènìyàn rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a wí fún un. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi gba ẹjọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí a ṣẹ̀, tí a gbé e fún adájọ́, ni pé kí ìbínú má baà ṣe ìdájọ́. Ohun tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè ni òtítọ́, ìyà tí ó tọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀, àti ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí òkú fi sílẹ̀. Pípa ẹlòmíràn kò san èyíkéyìí nínú wọn.

Àtakò kejì ni pé ìbẹ̀rù ikú ni yóò dá ọ̀daràn lẹ́kun. A ti dán èyí wò. Ní 1970 ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi ikú ṣe ìyà ìdigunjalè. Ní 1971, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn mìíràn ní etíkun Bar Beach ní Èkó, èrò sì pé jọ wò wọ́n bí ẹni wo eré. Ọdún 15 lẹ́yìn náà ni Lawrence Anini kó jìnnìjìnnì bá Ìlú Benin, títí wọ́n fi pa òun náà ní 1987. Ẹni tí ó gbé ìbọn jáde lóru gbà pé ọwọ́ kò ní tẹ òun. Kí ọwọ́ òfin dájú pé yóò tẹ̀ ẹ́ ni yóò bà á lẹ́rù.

A kò sì gbọ́dọ̀ rò pé ìlú kò lè dúró láìsí ìyẹgi. Tógò pa ìdájọ́ ikú rẹ́ ní 2009. Ní Ilẹ̀ Olómìnira Benin, àwọn 14 tí ó kù tí wọ́n ń retí ikú ni ìjọba yí ìdájọ́ wọn padà sí ẹ̀wọ̀n gbére ní 2018. Àwọn ìbátan wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Ifẹ̀-Àná ń gbé lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, ọ̀run kò sì ya. Ní ti Nàìjíríà, ó ju 3,000 ènìyàn lọ tí wọ́n wà lẹ́wọ̀n tí ikú ń dúró dè, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn Amnesty International. Ọ̀pọ̀ gómìnà kì í fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ikú wọn. Bí ọwọ́ ẹni bá ń gbọ̀n láti mú òfin kan ṣẹ, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá òfin náà ni ó ní àrùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kò tóbi. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ẹfúnṣetán, ẹ má ṣe parí rẹ̀ sórí ikú Ìyálóde. Ẹ mú wọn dé ọjà Baṣọ̀run, ẹ sọ fún wọn nípa ẹrú méjì tí ìtàn kò tilẹ̀ ka orúkọ wọn sí, kí ẹ sì bi wọ́n pé: ta ni ó yẹ kí ó kú lọ́jọ́ náà, ta sì ni ó ní ọwọ́ mímọ́ láti pa á? Bí ọmọ kan bá dáhùn pé kò sí, kí ẹ fún un ní àkókò láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀.