Èmi-gan-an ti Jung àti Ọkùnrin Tuntun ti Pọ́ọ̀lù

Ọ̀pọ̀ ìwé ìgbaninímọ̀ràn tí àwa olùṣọ́-àgùntàn ń kà lónìí ló ń sọ pé kí ènìyàn wá èmi rẹ̀ gan-an rí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí pẹpẹ wa. Kí a tó máa wàásù rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Carl Gustav Jung wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Wọ́n bí i ní 1875 ní ilẹ̀ Switzerland; olùṣọ́-àgùntàn ni bàbá rẹ̀, òun sì di oníṣègùn ọpọlọ. Ó kíyè sí i pé àwọn àwòrán kan náà ń yọ nínú àlá àwọn aláìsàn àti nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ẹ̀yà tí kò mọ ara wọn rí: ìyá, akọni, àgbà ọlọ́gbọ́n, ẹlẹ́tàn. (Ẹni tó gbọ́ àlọ́ Ìjàpá ní kékeré mọ ẹlẹ́tàn náà dáadáa.) Ó ní ìsàlẹ̀ ọkàn tí gbogbo ènìyàn jọ ní ni wọ́n ti ń wá, ó sì pè wọ́n ní archetype. Kí a má ṣe fi èyí pe orí inú. Bí àwọn baba wa ti rò ó, olúkúlùkù ló yan orí tirẹ̀. Kò sí ẹni tó yan archetype.

Ohun méjì nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan iṣẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ìkíní ni ìbòjú, ìyẹn ojú tí a ń gbé jáde fún àwùjọ. Kóòtù, máìkì àti oyè lè di ìbòjú tí a kò lè bọ́ kúrò lójú mọ́, àní níwájú ìyàwó àti ọmọ. Ìkejì ni òjìji: ohun tó wà nínú wa tí a kò fẹ́ rí, tí a sì máa ń rí lára ẹlòmíràn. Òtítọ́ ló sọ níbí. Bí ọmọ ìjọ bá jẹ́wọ́ ìbínú tàbí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, tí a sáré lé ẹ̀mí òkùnkùn láìbi í léèrè ohunkóhun, ta ni a ń lé gan-an? A gbà pé Jésù lé ẹ̀mí èṣù jáde. Síbẹ̀ nínú Róòmù 7, inú ara òun fúnra rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti bá ẹ̀ṣẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti yà rèé. Èmi-gan-an tí Jung ń sọ, Selbst ní èdè Jámánì, ni odindi ọkàn, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji pọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ Aion, ní 1951, ó fi Kristi ṣe àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àmì náà kò pé, nítorí kò sí òkùnkùn nínú Kristi. Ohun tó kà sí àbùkù yìí gan-an ni ìgbàlà wa dúró lé. Victor White, àlùfáà Dominican tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ibi yìí títí tí àárín wọn kò fi gún mọ́.

Kí a mọ òjìji wa, kí a pè é lórúkọ, kí a jẹ́wọ́ rẹ̀: títí dé ibẹ̀ a lè bá Jung rìn. Ṣùgbọ́n ó ní kí a gbà á mọ́ra. Pọ́ọ̀lù, ní Éfésù 4, ní kí a bọ́ ogbólógbòó ọkùnrin náà sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù. Tuntun tí a ó sì gbé wọ̀ kò fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkàn ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló dá a.