Páìpù Wo Ni Ó Yẹ Balùwẹ̀ Wa?

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ń bọ̀ láti inú táńkì wá sí balùwẹ̀, ọ̀tá kan lè dúró dè é lọ́nà. Ọ̀tá náà ni páìpù tí ó tín-ín-rín jù.

Ní Igbotako níhìn-ín, àti ní àwọn ìlú Ìkálẹ̀ yòókù, ẹni tí ó bá ń kọ́lé lóde òní a máa ronú kànga ẹ̀rọ. A gbé táńkì sókè, a sì fa omi wọ inú ilé. Kò fẹ́ gbé garawa wọ balùwẹ̀ mọ́, ṣáwà ni ó fẹ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú tiwa rí, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Nígbà tí a fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, a kọ́ ilé kékeré kan. Púlọ́ńbà bi wá pé, "Bàbá, páìpù wo ni ká rà?" A dá a lóhùn pé, "Èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni kí o rà." Ó ra ½ íǹṣì, èyíinì ni ààbọ̀ íǹṣì, fún gbogbo ilé, láti ẹnu táńkì títí dé ṣáwà. Bíríkìlà rẹ́ ògiri bò ó, wọ́n sì lẹ táìlì mọ́ ọn. Ilé dára lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, a wọ balùwẹ̀, a fi ọṣẹ para láti orí dé ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá ilé ṣí ẹ̀rọ ní ilé ìdáná láti fọ abọ́. Omi ṣáwà bá fà sẹ́yìn, ó di tó, tó, tó. Ọṣẹ wọ ojú wa. A kígbe, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ẹ̀rọ yẹn o!" Ìgbà tí wọ́n tì í ni omi tó padà. Bẹ́ẹ̀ táńkì kún o! Omi kò tán. Ọ̀nà omi ni ó há.

A ní láti fọ́ táìlì, kí a la ògiri, kí a tún ra páìpù mìíràn. Owó tí a rò pé a fi pamọ́, a san án, a tún san lé e. Ẹjọ́ oníṣẹ́ kọ́, ẹjọ́ wa ni. Ó béèrè, àwa ni a kò mọ èsì.

OHUN TÍ Ó Ń TI OMI

Nǹkan méjì ni ó ń jẹ́ kí ṣáwà tú dáadáa. Èkíní ni gíga táńkì. Ẹ mú agolo kan. Ẹ lu ihò kan sí i lápá òkè, ẹ lu òmíràn sí i nísàlẹ̀, kí ẹ wá bu omi kún un. Omi ti ihò ìsàlẹ̀ ni yóò tú jáde pẹ̀lú agbára jù, nítorí omi tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó ń tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni táńkì rí. Bí ó bá ṣe ga ju orí ṣáwà lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára omi yóò ṣe pọ̀ tó. Táńkì tí ó bá dọ́gba pẹ̀lú orí ṣáwà kò lè ṣe é ní oore kankan.

Èkejì ni ìbú páìpù. Páìpù ńlá kì í fún omi ní agbára, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí agbára tí omi ní ṣòfò lójú ọ̀nà. Àwa Ìkálẹ̀ mọ epo pupa. Bí a bá fi àrọ tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ilẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ó tó kún. Bákan náà ni omi ń fara gbá ara páìpù tóóró, tí agbára rẹ̀ sì ń dín kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹlòmíràn rò pé páìpù 1 íǹṣì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ½ íǹṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìbú ihò bá di ìlọ́po méjì, àyè inú rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Páìpù ½ íǹṣì mẹ́rin ni a ó kó jọ kí àyè wọn tó tó ti 1 íǹṣì kan ṣoṣo! Páìpù ¾ íǹṣì, èyíinì ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, ju ìlọ́po méjì ti ½ lọ.

ÈWO NI KÁ LÒ NÍBO?

Ẹ wo igi. Ìdí rẹ̀ tóbi, ẹ̀ka rẹ̀ kéré sí i, ẹ̀ka tí ewé wà lórí rẹ̀ ni ó kéré jù. Bẹ́ẹ̀ ni omi ẹ̀rọ ìlú ńlá rí. Láti 1915 tí ilé iṣẹ́ omi Ìjù ti bẹ̀rẹ̀ sí fún Èkó ní omi, páìpù ńlá ni ó ń gbé omi wọ ìlú, èyí tí ó kéré sí i ni ó sì ń wọ ilé. Fún ilé tí ó ní balùwẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ ṣe é báyìí:

1. Láti ẹnu táńkì títí dé ibi tí ọ̀nà ti pín nínú ilé, 1 íǹṣì.
2. Láti ibẹ̀ dé balùwẹ̀, ¾ íǹṣì.
3. Èyí tí ó gun ògiri lọ bá ṣáwà nìkan, ½ íǹṣì.

Ẹnu ṣáwà fúnra rẹ̀, ½ íǹṣì ni. Èyí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á ní, "Ṣebí ½ ni ẹnu rẹ̀, kí ni ká fi páìpù ńlá ṣe?" Èsì rẹ̀ ni pé ṣáwà nìkan kọ́ ni ó ń mu omi. Ilé ìdáná ń mu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń mu. Láti orí kan náà ni gbogbo wọn ti ń pín in.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀nà omi ní ìgbọ́nwọ́ púpọ̀. Ibi kọ̀ọ̀kan tí páìpù bá ti yí, agbára omi ń dín díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ KA NỌ́ŃBÀ ARA PÁÌPÙ

Oríṣi páìpù kan wà tí wọ́n ń fi iná yọ́ lẹnu kí wọ́n tó so ó pọ̀. Mílímítà ni wọ́n fi kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀! 1 íǹṣì jẹ́ mílímítà 25 àti díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí 25 lè rò pé 1 íǹṣì ni òun rà. Rárá o. Ìwọ̀n ẹ̀yìn páìpù ni wọ́n kọ, ara rẹ̀ sì nípọn. 20 ni ó dúró fún ½ íǹṣì, 25 fún ¾, 32 fún 1 íǹṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, èrè rẹ̀ nìyí. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ṣe gba ti ẹnu nìkan. Ẹ yí páìpù, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

KÍ WỌ́N TÓ LẸ TÁÌLÌ

Ẹ ní kí púlọ́ńbà de ṣáwà mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbé garawa lítà 10 sábẹ́ rẹ̀, kí ẹnìkan sì ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná. Bí garawa bá kún láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó dára. Ẹ má wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, òfin tí wọ́n ṣe ní 1992 kò fẹ́ kí ṣáwà tuntun tú ju nǹkan bí lítà 9 àti ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí omi sùn mọ́jú nínú páìpù, kí ẹ wo ibi tí ó bá ń jò.

Nígbà tí ògiri ṣì là sílẹ̀, àtúnṣe kò le. Bí táìlì bá ti bò ó, owó ńlá ni.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó mú kí omi ṣáwà wa fà sẹ́yìn nígbà tí táńkì kún?
2. Páìpù ½ íǹṣì mélòó ni àyè wọn tó ti 1 íǹṣì kan?
3. Bí ẹ bá rí 25 lára páìpù tí wọ́n ń fi iná so, íǹṣì mélòó ni?
4. Ẹ lọ wo páìpù tí ó ti ẹnu táńkì yín wá. Kí ni wọ́n kọ sí i lára?