Àìsàn Aboyún àti Ojú Ọmọ Inú

Bí ọmọ bá wáyé tí kò ríran, kíá làwọn èèyàn á ti máa wá ẹni tó ṣe é. Wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Àwa ń sọ pé kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ara ìyá yá nígbà tí oyún ṣì kéré.

Ní 1941, Norman Gregg, dókítà ojú ní Sydney, Ọsirélíà, kọ̀wé nípa ọmọ ọwọ́ 78 tí funfun ti bo ẹyinjú wọn láti inú oyún. Ìyá 68 nínú wọn ló ti ṣe rubella, tí àwọn kan ń pè ní èéyi Jámánì.

Rubella kì í fi bẹ́ẹ̀ dá àgbà gúnlẹ̀. Ibà díẹ̀, ara á sú fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ó tán. Ṣùgbọ́n kòkòrò rẹ̀ lè gba inú ibi ọmọ kọjá nígbà tí ojú ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, tí ìyá míì ò tíì mọ̀ pé òun lóyún pàápàá. Ibi tó yẹ kó mọ́ gaara nínú ẹyinjú á wá rí bí omi ògì. Ó lè ba etí àti ọkàn náà jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà níbí, láàárín 1964 sí 1965, ọmọ bíi 20,000 ni rubella bá nínú oyún tí wọ́n bí láàyè; 3,580 fọ́jú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ní 1969. Àmọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin tó dàgbà ní Nàìjíríà ò gbà á ní kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ lóyún, kí ó ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò. Bí kò bá ní ààbò, kí ó gba abẹ́rẹ́, kí ó sì dúró oṣù kan kí oyún tó dé. A kì í gún aboyún ní abẹ́rẹ́ yìí o.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ Bahia, Zika náà ń bẹ. Ó dá àpá sẹ́yìn ojú àwọn ọmọ kan ní Bràsíìlì ní 2015 àti 2016. Ẹ̀fọn ló ń gbé e, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì 2016, ní Dallas County wa níbí, ẹnìkan kó o látinú ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ti ìrìn-àjò dé. Ọkọ tó bá ti irú ibẹ̀ bọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, kí ó lo kọ́ńdọ̀mù títí ìyàwó á fi bímọ.

Bí ẹ bá rí funfun nínú ẹyinjú ọmọ tuntun, ẹ má kán ọmú tàbí àgbo sí i. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, torí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá tètè ṣe ló máa ń ran ojú lọ́wọ́ jù.