Bí Kóòdù Ṣe Ń Wá Pílánẹ́ẹ̀tì: Iṣẹ́ Tí Èèyàn Lè Ṣe Láti Ayigya

Ìràwọ̀ kan wà lójú ọ̀run tó ń jẹ́ Sika. Gánà ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 2019, nígbà tí IAU, àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wá orúkọ fún ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká. Èdè Ewe ni wọ́n ti mú un: Sika ni wúrà, pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń jẹ́ Toge, ìyẹn yẹtí. (Nàìjíríà sọ ìràwọ̀ tirẹ̀ ní Amadioha, ó sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano.) Nínú ìwé àwọn onímọ̀, HD 181720 ni wọ́n ń pe Sika.

Ojú lásán ò lè rí ìràwọ̀ yìí láti Ayigya, àdúgbò tó fẹ̀gbẹ́ kan yunifásítì KNUST ní Kùmásì, bí iná gbogbo ìlú tilẹ̀ kú. Ti Toge tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó rí i rí níbikíbi láyé, kò sì sí awò-awọ̀nàjíjìn kankan tó tíì ya àwòrán rẹ̀. Inú òǹkà ni wọ́n ti rí i, kóòdù ló sì fà á yọ.

Bí Toge ṣe ń yí Sika ká ló ń fà á díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 956 ló ń lò kó tó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ìràwọ̀ náà á sì máa sún mọ́ wa, á tún máa sún sẹ́yìn, pẹ̀lú ìyára tí kò ju nǹkan bíi mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ ilé ìwé tó mọ eré sá lè sá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ HARPS tó wà lórí òkè La Silla ní Chile ni wọ́n fi wọn ìyára yìí. Ẹ̀rọ náà máa ń pín ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ á sì hàn láàárín àwọn àwọ̀ náà. Bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ìlà yẹn á sún sápá búlúù. Bó bá ń lọ, wọ́n á sún sápá pupa. Ṣùgbọ́n fún mítà 8, sísún náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìbú píksẹ́lì kan ṣoṣo lọ. Kóòdù ló ń kó gbogbo ìlà wọ̀nyí pọ̀, tó ń wá ibi tí wọ́n ti bára mu, tó sì ń yọ òǹkà kan jáde: ìyára ìràwọ̀ lóru ọjọ́ náà.

Síbẹ̀, ilẹ̀ ayé tí ẹ̀rọ náà dúró lé fúnra rẹ̀ ń sáré yí oòrùn ká ní kìlómítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tún ń yí lórí ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí mítà 8 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ eré ilẹ̀ ayé kúrò, kó má sì ṣe àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ irú kóòdù yìí ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó lè ti kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, ìṣirò tàbí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Òun ló ń gba òǹkà tó ti inú awò jáde, tó ń fọ̀ ọ́ mọ́, tó ń wá àmì nínú rẹ̀, tó sì ń fi ẹ̀rí hàn pé àmì ọ̀hún kì í ṣe ti ẹ̀rọ tàbí ti kóòdù fúnra rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣòro jù, òun ni mo sì kà sí iṣẹ́ gan-an.

Ọ̀nà míì wà láti wá pílánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ wá. Àwọn tó wà ní Accra àti Cape Coast lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006 á rántí bí òṣùpá ṣe bo oòrùn pátápátá, tí ọ̀sán dòru fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ nítorí pé ó kéré sí ìràwọ̀ náà púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ á kàn dín díẹ̀ ni. Ìbú Júpítà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti oòrùn, nítorí náà ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló lè dí. Ilẹ̀ ayé wa ò lè dí ju ìdá kan nínú 12,000 lọ.

NASA gbé awò Kepler lọ sójú òfúrufú ní oṣù Kẹta ọdún 2009. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi tẹjú mọ́ nǹkan bí ìràwọ̀ 150,000, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Awò TESS tẹ̀ lé e lọ́dún 2018. Kò sí ọ̀wọ́ èèyàn tó lè fojú wo gbogbo èyí tán. Kóòdù á mú iye ọjọ́ kan bí àbá, ká ní ọjọ́ mẹ́ta. Á gé òǹkà náà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, á tò wọ́n léra, á sì wò ó bóyá ibi kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń dín. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á sún àbá náà síwájú díẹ̀, á tún un ṣe, títí tí yóò fi dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún iye ọjọ́ wò. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kovács, Zucker àti Mazeh, ló gbé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 2002, wọ́n ṣì ń lò ó dòní.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá dín ńkọ́? Ó lè jẹ́ ìràwọ̀ méjì tó ń bo ara wọn: nígbà náà, ìdínkù àkọ́kọ́ àti ìkejì kì í sábà jinlẹ̀ dọ́gba, kóòdù sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n wéra. Ó lè jẹ́ ìràwọ̀ aládùúgbò, nítorí píksẹ́lì TESS fẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mélòó kan lè dà pọ̀ sínú ẹyọ kan. Ó sì lè jẹ́ pé awò náà ló mira.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ irú kóòdù yìí mọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1991, Andrew Lyne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jodrell Bank, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn rí pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí pulsar ká. Pulsar ni òkú ìràwọ̀ tó ń yí kíákíá, tó ń rán ìgbì rédíò sí wa lemọ́lemọ́ bí aago. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní pílánẹ́ẹ̀tì náà fi ń yí i po. Oṣù mẹ́fà jẹ́ ìdajì ọdún tiwa gan-an, ó sì yẹ kó mú ìfura wá. Nígbà tí Lyne tún ìṣirò náà ṣe, ó rí i pé wọn kò yọ ìrìn ilẹ̀ ayé yí oòrùn ká kúrò dáadáa, ni pílánẹ́ẹ̀tì bá pòórá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1992, ó dúró níwájú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Atlanta, ó sọ òótọ́ náà fún wọn láìfi bò, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Níbi ìpàdé kan náà ni Alexander Wolszczan ti sọ̀rọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì méjì tí òun àti Dale Frail rí lára pulsar mìíràn. Àwọn yẹn wà lóòótọ́.

Ẹ̀rù irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ba Didier Queloz náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Geneva, òun ló sì kọ kóòdù tí ẹ̀rọ ELODIE ní ilẹ̀ Faransé ń lò. Nígbà tí òǹkà ìràwọ̀ 51 Pegasi kò dúró sójú kan, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kóòdù òun ní àléébù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò, kó tó gbà pé pílánẹ́ẹ̀tì ni. Òun àti Michel Mayor kéde rẹ̀ lọ́dún 1995, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019.

Pulsar ò jìnnà sí Gánà mọ́. Ní Kuntunse, lẹ́bàá Accra, àwo ńlá onímítà 32 kan wà tí wọ́n ti fi ń bá sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ rí. Gánà àti Gúúsù Áfíríkà sọ ọ́ di awò rédíò, Ààrẹ Akufo-Addo sì ṣí i ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Pulsar wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ní Ayigya kò nílò kó dúró de awò kankan. Ọ̀fẹ́ ni òǹkà Kepler àti TESS lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àpótí MAST ní Baltimore. Ọ̀fẹ́ náà ni Python àti Lightkurve tí wọ́n fi ń kà á. Fáìlì ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ TESS, fún nǹkan bí ọjọ́ 27, kò ju nǹkan bíi MB 2 lọ, òǹkà bí 20,000 ló sì wà nínú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù lásán ti tó fún un. Àwòrán ojú ọ̀run lódindi ló ń jẹ dátà, ẹyọ kan lé ní MB 30, nítorí náà ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó fẹ́ kó tó wà á jáde. Iná á kú, àwọn ará Gánà sì ti sọ ọ́ lórúkọ, dumsor. Wáyà abẹ́ òkun náà lè já, bó ṣe já lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dá gúlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi láti Abidjan dé Èkó. Kóòdù tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi iṣẹ́ pamọ́ bó ṣe ń lọ, kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé wọ́n ti ṣa gbogbo rẹ̀ tán. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni Christopher Shallue, ẹnjiníà Google tí kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀, àti onímọ̀ ìràwọ̀ Andrew Vanderburg kéde pílánẹ́ẹ̀tì Kepler-90i. Wọ́n ti fi àmì 15,000 tí àwọn èèyàn ti yẹ̀ wò kọ́ kọ̀ǹpútà. Pílánẹ́ẹ̀tì náà ti wà nínú òǹkà tí ẹnikẹ́ni lè wà jáde láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Bó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mú pílánẹ́ẹ̀tì WASP-18b, tí awò Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà bá wa rí, tí TESS sì ti wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 0.94 ló fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po, ó sì ń dí nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Kọ kóòdù rẹ, wò ó bóyá yóò bá òǹkà méjèèjì yìí. Bí kò bá bá wọn, má tíì wá pílánẹ́ẹ̀tì tuntun kankan. Àṣìṣe inú kóòdù rẹ ni kó o kọ́kọ́ wá.