Ejìnrìn, Iṣin àti Àìsàn Àtọ̀gbẹ

Àtọ̀gbẹ ni àìsàn tí ń mú kí ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Òùngbẹ a máa gbẹ ẹni tí ó ń ṣe, ìtọ̀ rẹ̀ a máa pọ̀, ara rẹ̀ a sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Nítorí pé èèrà a máa ṣù bo ìtọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun kíkorò ni yóò wo àrùn adùn yìí, wọn a sì máa mu omi ewé ejìnrìn.

Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe asán pátápátá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ejìnrìn dán ẹranko wò, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ènìyàn, àwọn kan rí ìdínkù díẹ̀, àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ń dín ṣúgà kù ni oògùn. Igi iṣin ni ẹlẹ́rìí. Iṣin tí ó gbó tí ó sì là fúnra rẹ̀ dára ní jíjẹ, ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì là ní májèlé. Ní Jàmáíkà, níbi tí a gbé igi náà dé láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èébì àti gìrì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jẹ ẹ́ ní tútù. Ní 1954, Hassall àti Reyle kéde májèlé náà, hypoglycin, èyí tí ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Ìwọ̀n ni ó ya oògùn kúrò lára májèlé. Ní Yúróòpù, ewé kan wà tí ń jẹ́ Galega officinalis. Èròjà inú rẹ̀ ń dín ṣúgà kù, ṣùgbọ́n ó le jù fún ara. Àwọn onímọ̀ ṣe ìbátan rẹ̀ tí ó rọ̀ jù ú lọ, metformin, Dókítà Jean Sterne ti ilẹ̀ Faransé sì kọ̀wé ní 1957 nípa lílò ó fún àtọ̀gbẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó lè sọ iye tí ó wà nínú ife ejìnrìn?

Nítorí náà, kí alátọ̀gbẹ má ṣe fi ejìnrìn rọ́pò abẹ́rẹ́ insulin tàbí oògùn rẹ̀. Bí ó bá ń mu ún, kí ó sọ fún dókítà, nítorí pé méjèèjì lè jùmọ̀ fa ṣúgà wálẹ̀ jù. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí òógùn bò ó, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kí a tètè fún un ní omi ṣúgà bí ó bá lè gbé e mì, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò ni kí ó sọ bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́ sí, kì í ṣe ìkorò ẹnu.